Ọbẹ̀ Tó Dùn, Owó Ló Pa Á

Ohùn méjì ló máa ń ta síra wọn ní Circle, ní Accra, bí ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n bá ti jẹyọ. Ohùn kìíní ní, "Tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ yìí ti bàjẹ́, kò sí nǹkan gidi téèyàn lè wò níbẹ̀ mọ́." Ohùn kejì ní, "Kí n wá san láísẹ́ńsì tẹlifíṣọ̀n? Láéláé!" Ẹnu kan náà ló sábà máa ń sọ méjèèjì. Ẹni tó ń ta fóònù ní Tip Toe Lane ń sọ ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dúró de trotro tó ń lọ sí Madina ń sọ ọ́, ọ̀gá ọ́fíìsì tó de táì mọ́rùn náà ń sọ ọ́. Àwa Yorùbá tó ń gbé Accra ò gbẹ́yìn. Bí a bá dé Peckham ní London, orin kan náà la máa bá lẹ́nu àwọn èèyàn wa. BBC nìkan ni wọ́n fi rọ́pò GBC, ibùdó gbogbo ìlú Ghana, nínú ègbè rẹ̀.

Ohùn kìíní ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Ohùn kejì ni mo fẹ́ bá fà á. Tọmọdé tàgbà ló ti gbà pé ìrẹ́jẹ ni láísẹ́ńsì tẹlifíṣọ̀n, pé ọ̀fẹ́ ló yẹ ká máa wò ó, pé ẹni tó bá ń wá èyí tó dáa kó lọ ra DStv. Èmi ní èrò yìí gan-an ló ba tẹlifíṣọ̀n wa jẹ́, òun náà ló sì ń wá bó ṣe máa ba ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì jẹ́. Ẹni tó kọ̀ láti sanwó tẹlifíṣọ̀n, tó tún ń ráhùn pé kò dára, òun fúnra rẹ̀ ni kó bi ara rẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí à ń bú. Ẹ wọ chop bar èyíkéyìí nítòsí bíríìjì alájà mẹ́ta tí wọ́n ṣí ní Circle lọ́dún 2016, èyí táwọn ọmọ Accra sọ lórúkọ ní "Dubai". Tẹlifíṣọ̀n wà lára ògiri, wọ́n fi irin ká a mọ́ kí olè má bàa gbé e lọ. Arábìnrin tó ń ṣe ètò òwúrọ̀ ń sọ ìròyìn ìjàǹbá ọkọ̀ kan. Nísàlẹ̀ ojú rẹ̀, orúkọ bitters kan ń tàn yòò. Lápá òsì, iye tí wọ́n máa san fún ẹni tó bá ta tẹ́tẹ́ lórí Arsenal àti Chelsea ń yí lọ yí bọ̀. Lápá ọ̀tún, nọ́ńbà fóònù wòlíì kan tó ń ta òróró ò kúrò lójú kan. Kí ìròyìn ìjàǹbá náà tó parí, arábìnrin náà dánu dúró, ó gbé ọ̀rá ọṣẹ ìfọṣọ sókè, ó kì í títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó wá padà sọ́dọ̀ àwọn tó fara pa. Àwọn tó ń jẹ fùfù níbẹ̀ ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ti mọ́ wọn lára.

Ta ló ni ojú tẹlifíṣọ̀n yẹn? Ó ti di ti oníbitters, ti onítẹ́tẹ́, ti wòlíì àti ti ọlọ́ṣẹ. Èèyàn inú chop bar náà kò ní nǹkan kan níbẹ̀, nítorí kò san nǹkan kan. Òun gan-an ni ọjà tí wọ́n ń tà. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó sanwó ló ń dúnàá-dúrà lórí ojú rẹ̀ àti etí rẹ̀ lójoojúmọ́, wọ́n sì ń rà á ní ẹ̀dínwó.

Kì í ṣe báyìí ni nǹkan ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 1935, Gómìnà Arnold Hodson ṣí Station ZOY ní Accra. Wáyà ni wọ́n fà dé nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ilé, ètò BBC láti London ló sì pọ̀ jù nínú ohun tó ń gba inú wáyà náà kọjá. Ọgbọ̀n ọdún gééré lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 1965, Kwame Nkrumah, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ Circle, ṣí tẹlifíṣọ̀n GBC. Ohun tí ó fẹ́ kó jẹ́ ni ilé ẹ̀kọ́ gbogbo ìlú. Kò fẹ́ kó di ìsọ̀ ọlọ́jà. Kò tó oṣù méje sígbà náà táwọn ológun fi lé e kúrò lórí àlééfà. Àwọn ológun yìí ló wá gbé òfin láísẹ́ńsì tẹlifíṣọ̀n jáde lọ́dún 1966, òfin tí wọ́n ń pè ní NLCD 89.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni kò sẹ́ni tó fẹ́ rántí. Ìjọba lọ, ìjọba bọ̀, wọ́n jẹ́ kí owó inú òfin náà máa yòrò bí sédì ṣe ń yòrò, kò sí olóṣèlú tó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e ga kí ìbò má bàa sá fún un. Nígbà tó di ọdún 2015, ilé aṣòfin gbójú gbóyà, wọ́n ní kí ilé tó ní tẹlifíṣọ̀n kan máa san sédì 36 lọ́dún, kí ilé tó ní ju ẹyọ kan lọ máa san sédì 60, káwọn tó ń ta tẹlifíṣọ̀n àtàwọn tó ń tún un ṣe náà máa san tiwọn. Nígbà tó sì di oṣù kìíní ọdún 2018, Adájọ́ Àgbà Sophia Akuffo yan àwọn ilé ẹjọ́ kan pé kí wọ́n máa gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí kò san. Gbogbo ìlú gbiná. Lórí rédíò, nínú trotro, lórí Facebook, ẹnu kò lè gbà á tán. "Wọ́n fẹ́ fi wá sẹ́wọ̀n torí tẹlifíṣọ̀n!"

Mo gbà pé ìwà òmùgọ̀ ni láti bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ilé ẹjọ́. Ẹni tó ń wá owó lọ́wọ́ èèyàn kì í kọ́kọ́ fi ọlọ́pàá hàn án. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò owó tí wọ́n torí rẹ̀ ń ké. Sédì 36 lọ́dún, sédì mẹ́ta ni lóṣù. Sédì mẹ́ta ò ra kenkey kan ní Circle lónìí. Ní Circle kan náà, ẹni tó fẹ́ tọ̀ ń sanwó, ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ń sanwó, ẹni tó fẹ́ kí wọ́n bá òun gba agbára sínú fóònù ń sanwó, kò sì sẹ́ni tó pè é ní ìrẹ́jẹ. Ẹni tó ń fi sédì mẹ́wàá ta tẹ́tẹ́ lópin ọ̀sẹ̀ kò kà á sí owó. Ìgbà tó kan ohun tó ń tọ́ ọmọ rẹ̀ sọ́nà lójoojúmọ́, tó ń kọ́ ọ lédè, tó ń sọ fún un ẹni tó yẹ kó bọ̀wọ̀ fún, ìgbà yẹn ni sédì mẹ́ta di owó ńlá.

Àwọn kan máa sọ pé, "Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń polówó ọjà ló ń san án, kí ló wá kàn mí?" Ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n ti rí owó náà? Iye tí wọ́n san fún ìpolówó ọṣẹ wà nínú iye tó o fi ra ọṣẹ. Iye tí onítẹ́tẹ́ san wà nínú owó tó jẹ ọ́ lánàá. Gbogbo wa la ń san láísẹ́ńsì tẹlifíṣọ̀n láràárọ̀. Ìwé ẹ̀rí ni kò sí lọ́wọ́ wa. Níwọ̀n ìgbà tí kò sì ti sí ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ wa, a ò lẹ́nu láti béèrè ohunkóhun.

Ibi tí èyí lè sìn wá dé kò dáa rárá. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, wọ́n mú àwọn ọ̀dọ́ méjì ní Kasoa, lẹ́bàá Accra, lórí ikú ọmọdékùnrin kan. Ìròyìn ní wọ́n fẹ́ fi í ṣe oògùn owó. Gbogbo Ghana bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ibi tírú èrò bẹ́ẹ̀ ti ń wọ orí ọmọ, ojú sì yí sí tẹlifíṣọ̀n, níbi táwọn kan ti ń jókòó tọ̀sán tòru, tí wọ́n ń to owó jọ síwájú kámẹ́rà, tí wọ́n ń sọ pé àwọn lè sọ sédì ọgọ́rùn-ún di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Lọ́dún náà, àjọ NCA tó ń fún wọn níwèé àṣẹ ti àwọn ibùdó kan pa torí irú ètò bẹ́ẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni onítọ̀hún ṣe dé orí tẹlifíṣọ̀n? Owó ló san, ó ra wákàtí, wọ́n sì tà á fún un. Bí ibùdó kan ò bá ní owó mìíràn tó ń wọlé, ẹni tó bá kó owó wá ló máa gbàlejò.

Àwọn oníbitters náà ń kọ́? Òfin wà tó yẹ kó dá wọn lọ́wọ́ kọ́. Àjọ FDA, tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, ní wọn ò gbọ́dọ̀ polówó ọtí lórí tẹlifíṣọ̀n láàárín aago mẹ́fà àárọ̀ sí aago mẹ́jọ alẹ́, wọ́n tún ní àwọn gbajúmọ̀ òṣèré àti olórin ò gbọ́dọ̀ bá wọn polówó rẹ̀. Wọ́n pe FDA lẹ́jọ́ lórí ọ̀rọ̀ àwọn gbajúmọ̀ yìí títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, adájọ́ márùn-ún nínú méje ní òfin náà dúró. Ìyẹn ni pé ó gba òfin, ó gba agbẹjọ́rò, ó gba adájọ́ méje kí apá tó ká ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn tó ń sanwó tẹlifíṣọ̀n "ọ̀fẹ́" wa. Mélòó la máa gbé lọ sílé ẹjọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú?

Àwọn ọ̀mọ̀wé wa ní àlàyé mìíràn fún ìbàjẹ́ yìí. Wọ́n ní àwọn tálákà tó ń wò ó ni kò mọ ohun tó dáa. Ẹ̀rí tí wọ́n máa ń mú wá ni *Kumkum Bhagya*, eré ilẹ̀ India tí Adom TV sọ di Twi. Bí eré yẹn ṣe gba ìgboro kan, tí àwọn ìyá ọlọ́jà ń yára palẹ̀ ọjà mọ́ torí rẹ̀, ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń pariwo pé àṣà ti bàjẹ́, ojú ti tì wá. Ojú kò ti èmi. Ìyá tó ń ta tòmátì látàárọ̀, tó wá délé, tó rí ará ilé ọkọ burúkú tó ń sọ Twi geerege lójú tẹlifíṣọ̀n, kí ló ṣe? Èdè rẹ̀ ló gbọ́, ìjà tó mọ̀ ló rí. Ìbéèrè tó yẹ ká béèrè ni pé kí ló dé tí ará ilé ọkọ náà fi ní láti ti India wá?

Owó ni ìdáhùn. Eré tí wọ́n ti ṣe tán ní Mumbai, tí ó ti pa owó rẹ̀ padà lọ́hùn-ún, kò wọ́n béèyàn bá fẹ́ rà á. Ẹni tó fẹ́ ṣe tirẹ̀ ní Accra máa san òǹkọ̀wé, á san òṣèré, á wá iná mànàmáná, á sì dúró. Ilẹ̀ yìí ti ṣe é rí. Ẹgbẹ́ Osofo Dadzie àti ẹgbẹ́ Obra kó gbogbo Ghana jọ síwájú GTV, tẹlifíṣọ̀n GBC, pẹ̀lú eré lédè Akan; *By the Fireside* kó àwọn ọmọdé jọ sídìí àlọ́. Ibùdó gbogbo ìlú ló gbé wọn jáde. Nígbà tí owó gbẹ níbẹ̀, àwọn òṣèré ò kú, ọgbọ́n wọn ò kú, owó tó máa pe wọ́n ni kò sí.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn olóhùn kejì kì í rò. Olówó ìpolówó ń lọ síbi tí èrò pọ̀ sí. Twi ni èrò pọ̀ sí, nítorí náà Twi ló máa gba gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n. Ta ló máa sanwó kí ọmọ Nzema gbọ́ ìròyìn lédè Nzema? Ta ló máa polówó ọṣẹ lédè Dagbani fún ará Accra? Ohùn Akan, Ga, Ewe, Nzema, Dagbani àti Hausa jọ wà lórí GBC torí pé iṣẹ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀ fún nìyẹn. Ọjà ò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kò tilẹ̀ pè é níṣẹ́. Àwa Yorùbá yẹ ká tètè gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí yé. A mọ bó ṣe ń rí nígbà tí èdè ẹni bá kéré ní ìlú onílùú.

Bí mo bá ti débi yìí nínú àríyànjiyàn, ẹnì kan máa ń dìde pé, "Ẹ wo BBC! Ẹ wo bí tẹlifíṣọ̀n àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe rí!" Mo fẹ́ràn ẹni yẹn gan-an, torí ó ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọnú pańpẹ́. Ọdún 1922 ni ará Britain bẹ̀rẹ̀ sí í san láísẹ́ńsì rédíò. Wọ́n fi ti tẹlifíṣọ̀n kún un lọ́dún 1946, pọ́n-ùn méjì lọ́dún. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ó di pọ́n-ùn 174.50 fún ilé kan. Lédè Yorùbá, ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ètò ẹ̀dá inú òkun *Blue Planet II* tí gbogbo wa ń fi ẹnu sílẹ̀ wò lọ́dún 2017, ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ya á, ní orílẹ̀-èdè 39. Oníbitters wo ló máa ní sùúrù ọdún mẹ́rin fún ẹja?

Ẹ wo Michaela Coel, ọmọ táwọn òbí rẹ̀ ti Ghana lọ sí London. Nígbà tó kọ eré *I May Destroy You*, Netflix fi mílíọ̀nù kan dọ́là lọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n wọn ò gbà kó ní ìpín nínú iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ó kọ owó náà. BBC ló gbà kó ní ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n gbé e jáde lọ́dún 2020, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ Emmy lórí rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Owó láísẹ́ńsì awakọ̀ bọ́ọ̀sì Peckham wà nínú ìyẹn. Ọmọ Ghana tó bá ní irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ ní Accra ńkọ́? Ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ ló máa lọ bẹ̀.

Ẹni tó gbọ́n nínú àwọn alátakò mi máa sọ pé ITV ló gbé *Mr Bates vs The Post Office* jáde ní oṣù kìíní ọdún 2024, owó ìpolówó ló sì ń bọ́ ITV. Òótọ́ ni. Eré yẹn ta gbogbo Britain jí sí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń bójú tó ilé ìfìwéránṣẹ́ kéékèèké, àwọn tó lé ní ẹgbẹ̀rún ó dín ọgọ́rùn-ún tí wọ́n dá lẹ́bi olè torí àṣìṣe kọ̀ǹpútà. Kó tó di ìparí oṣù karùn-ún ọdún náà, òfin ti wá tó fọ orúkọ ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gá kan ní ITV fúnra rẹ̀, Kevin Lygo, sọ lẹ́yìn náà pé nǹkan bíi mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn ni àwọn pàdánù lórí eré náà. Eré tó dá ẹ̀tọ́ padà fún àwọn aláìṣẹ̀, tó sì gba ọkàn gbogbo orílẹ̀-èdè, ọjà ò san owó rẹ̀ padà. Kí ni ọjà máa wá san owó rẹ̀? Ẹ padà lọ sí chop bar.

Margaret Thatcher fúnra rẹ̀, olórí ìjọba Britain nígbà náà, tí kò fẹ́ràn BBC bí ológbò ò ṣe fẹ́ràn omi, yan ìgbìmọ̀ kan sábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n Alan Peacock lọ́dún 1985 pé kí wọ́n wò ó bóyá ó yẹ kí BBC bẹ̀rẹ̀ sí í polówó ọjà. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé ni Peacock, ọ̀rẹ́ ọjà sì ni. Nígbà tí ìgbìmọ̀ rẹ̀ mú ìwé wá lọ́dún 1986, wọ́n ní ẹ má ṣe gbé ìpolówó ọjà lọ síbẹ̀.

Ṣé BBC kò ní ẹ̀bi? Ó ní púpọ̀. Ní ọdún 2011 wọ́n sọ ìwádìí ètò *Newsnight* lórí Jimmy Savile, gbajúmọ̀ BBC tó ti ba ayé àwọn ọmọ jẹ́, sínú àpótí. Ní ọdún 2021, ìwádìí Adájọ́ Dyson fi hàn pé akọ̀ròyìn BBC, Martin Bashir, fi ayédèrú ìwé wá ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ Ọmọba Diana lọ́dún 1995. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2020, wọ́n ti fòpin sí láísẹ́ńsì ọ̀fẹ́ fún gbogbo arúgbó tó ti lé ní ọdún 75, àyàfi àwọn tálákà inú wọn. Èmi ò fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó báyìí: gbogbo ìbàjẹ́ yìí ló ti di ọ̀rọ̀ ilé aṣòfin, wọ́n ṣe ìwádìí, àwọn ọ̀gá kọ̀wé fipò sílẹ̀, torí àwọn tó sanwó ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Nígbà wo la rí ọ̀gá iléeṣẹ́ tẹ́tẹ́ tó kọ̀wé fipò sílẹ̀ torí ètò òwúrọ̀ burúkú?

Àwọn tó ń bá mi jiyàn ní ìdí mẹ́ta tó lágbára. Èkínní ni pé GBC ti di ẹnu ìjọba, kí ló dé tí èèyàn fi máa san owó fún agbẹnusọ ìjọba. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Àwa Yorùbá mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ. Ní ọdún 1953, Macpherson, Gómìnà Nàìjíríà, bọ́ sórí rédíò ìjọba, ó bú ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀. Nígbà tí Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún òun láyè kóun fèsì, wọ́n ní kò sí àyè. Ọgbẹ́ yẹn wà lára ohun tó bí tẹlifíṣọ̀n WNTV n'Ìbàdàn, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959. Ṣùgbọ́n nígbà tí WNTV àti rédíò rẹ̀ náà bọ́ sọ́wọ́ ìjọba ẹkùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí ìjọba fẹ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1965, ẹnì kan gbé ìbọn wọ ilé rédíò Ìbàdàn, ó fi ohùn mìíràn rọ́pò ohùn Akíntọ́lá, olórí ìjọba ẹkùn náà; wọ́n fẹ̀sùn rẹ̀ kan Wọlé Ṣóyínká, adájọ́ sì dá a sílẹ̀.

Kí ni ìtàn yìí kọ́ wa? Ẹni tí owó bá ti ọwọ́ rẹ̀ wá ni ohùn máa ṣe tirẹ̀. Bí GBC bá ń wojú mínísítà kó tó san owó oṣù, mínísítà ni yóò máa pè ní "ọ̀gá". Nínú ìwé òfin Ghana ti ọdún 1992, àjọ National Media Commission ló ní ẹ̀tọ́ láti yan ìgbìmọ̀ tó ń darí iléeṣẹ́ ìròyìn gbogbo ìlú. Ìwé náà dáa. Owó ni kò tẹ̀ lé e. Ẹni tó ní kí a má san láísẹ́ńsì torí ìjọba ń lo GBC, ẹ̀wọ̀n tí ìjọba fi so GBC mọ́lẹ̀ gan-an ló ń bá a mú dání.

Ìdí kejì ni pé àwọn tálákà ò ní lè san án. Ẹ dárúkọ wọn fún mi. Àwọn tálákà Accra ń rọ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù Premier League, àwọn olówó kékeré ń ra DStv. Ní ọdún 2025, Mínísítà ètò ìbánisọ̀rọ̀ Ghana, Samuel Nartey George, ní ará Ghana ń san nǹkan bíi dọ́là 83 fún ìdì ètò DStv tó ga jù, tí ará Nàìjíríà ń san dọ́là 29 fún irú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n dín in kù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á gba ìwé àṣẹ wọn. Gbogbo ìlú tì í lẹ́yìn, èmi náà tì í. Ṣùgbọ́n kò yẹ ká gbàgbé pé láti ìgbà tí Premier League ti bọ́ sọ́wọ́ Sky lọ́dún 1992 ni ará Britain tí kò bá fẹ́ san owó Sky ti pàdánù wíwò ó bó ṣe ń lọ lọ́wọ́. Ohun tó bọ́ sọ́wọ́ olówó kì í tètè padà. Òfin Britain ti ọdún 1996 ló dá àṣekágbá FA Cup àti World Cup sí fún gbogbo ènìyàn. Bí kò bá sí ibùdó gbogbo ìlú tó lè gbé e, òfin lásán ló máa jẹ́.

Àwọn kan máa fi E-Levy ta kò mí, owó tí ìjọba Ghana ń yọ nínú owó téèyàn ń fi fóònù ránṣẹ́ láti ọdún 2022, tó mú gbogbo Circle bínú títí wọ́n fi pa á rẹ́ lọ́dún 2025. Wọ́n bínú torí kò sẹ́ni tó mọ ibi tí owó náà ń lọ. Ohun tó yẹ ká ṣe nípa láísẹ́ńsì nìyẹn: kí owó náà má gba ọ̀dọ̀ mínísítà kọjá rárá, kó bọ́ sínú àpò kan tí National Media Commission ń ṣọ́, kí wọ́n máa tẹ ìṣirò rẹ̀ jáde lọ́dọọdún, kí arúgbó àti aláìní má san án, kí ọlọ́pàá má sí nínú rẹ̀, kó jẹ́ nípa mobile money. Ní Jámánì, láti ọdún 2013 ni gbogbo ilé ti ń san an, yálà wọ́n ní tẹlifíṣọ̀n tàbí wọn ò ní. Ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní KEF ló ń gbé ìṣirò wọn yẹ̀wò kí wọ́n tó sọ iye tó tọ́. Finland sọ ọ́ di owó orí lọ́dún kan náà, Sweden lọ́dún 2019. Ọgbọ́n ọ̀hún kò le.

Ìdí kẹta ni ti àwọn ọ̀dọ́: "Ta ló ń wo tẹlifíṣọ̀n lónìí? Orí fóònù ni gbogbo wa wà." Wọ́n rò pé àwọn ti bọ́ lọ́wọ́ olówó ìpolówó. Kò sí ibi tí olówó ìpolówó ti mọ orúkọ rẹ, ilé rẹ àti àárẹ̀ ọkàn rẹ tó orí fóònù. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ní Circle ló máa ń ka ìròyìn BBC Yorùbá lórí fóònù yẹn náà. BBC bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka Yorùbá lọ́dún 2018. Láti ọdún 2014 ni owó láísẹ́ńsì àwọn ará Britain ti ń gbé apá tó pọ̀ jù nínú ẹrù BBC World Service, ìjọba wọn sì ń fi tirẹ̀ kún un. Ẹni tó ń fọ ilẹ̀ ọ́fíìsì ní Birmingham sanwó kí ìwọ lè ka ìròyìn lédè ìyá rẹ ní Accra. Àwọn bàbá wa n'Ìbàdàn náà san owó oṣooṣù fún àpótí Rediffusion tí wọ́n ń pè ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Àwa tí a kàwé jù wọ́n lọ la wá ń pe sísanwó ní ìrẹ́jẹ.

Nítorí náà, mo ní kí ẹ san án. Bí ẹ bá sì ti san án, ẹ má ṣe lọ sùn. Ẹ lọ béèrè eré ilẹ̀ wa lọ́wọ́ GBC, ẹ béèrè ìwé ìṣirò owó, ẹ béèrè ìdí tí mínísítà fi gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú ìròyìn aago méje. Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ pariwo, ẹ kọ̀wé, ẹ pè wọ́n lẹ́jọ́. Ìgbà yẹn ilé ẹjọ́ á wúlò, ẹ̀yin lẹ máa wà nípò olùpẹ̀jọ́. Àwọn kan ṣì máa kọ̀ láti san án. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ wọ́n: bí oníbitters bá tún bọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n lálẹ́ yìí, kí wọ́n dákẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, torí òun ló sanwó fún ìjókòó wọn.